Àṣìṣe Adàwékọ: Bí A Ṣe Ń Mọ Ọ̀nà Tí Àrùn Gbà Wọ̀lú

Kò sí ẹni tí ó jókòó nínú kíláàsì ilé-ìwé wa rí tí kò mọ bí olùkọ́ ṣe ń mú àwọn tí ó jíwèé wò. Bí akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún bá kọ ìdáhùn kan náà, tí ìdáhùn náà sì tọ̀nà, olùkọ́ kò ní ẹjọ́ kan láti rò, nítorí ẹni tí ó kàwé lè dé ibi òtítọ́ láì wo ìwé ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí àwọn márààrún bá ṣi ọ̀rọ̀ kan náà kọ, tí wọ́n sì fo ìlà kan náà nínú ìṣirò, àṣírí ti tú. Olùkọ́ tí ó gbọ́n yóò tẹ́ ìwé wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Yóò rí i pé ẹni kìíní ní àṣìṣe kan, pé ẹni kejì ní àṣìṣe yẹn pẹ̀lú òmíràn, àti pé ẹni kẹta ní méjèèjì, ó sì fi tirẹ̀ kún un. Kí ó tó bi ẹnikẹ́ni léèrè, yóò ti mọ ẹni tí ó wo ìwé ẹni.

Nígbà tí mo dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, mo tún bá ọgbọ́n yìí pàdé. Kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dé, ọwọ́ ni a fi ń da Ìwé Mímọ́ kọ. Ìwé àfọwọ́kọ Májẹ̀mú Tuntun ní èdè Gíríìkì tí ó ṣẹ́kù títí di òní ju 5,000 lọ. Adàwékọ a máa tòògbé, ojú rẹ̀ a máa fo ìlà, a sì máa kọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ó bá da ìwé tirẹ̀ kọ yóò da àṣìṣe náà kọ pẹ̀lú. Àwọn ọ̀mọ̀wé ń fi àwọn ìwé náà wéra, wọ́n ń kó àwọn tí àṣìṣe wọn jọra sí agbo kan, wọ́n sì ń tọ ipa wọn padà títí wọn yóò fi súnmọ́ ohun tí a kọ ní àtètèkọ́ṣe.

Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń lò lónìí láti mọ ibi tí àrùn ti wá, ọ̀nà tí ó gbà, àti ẹni tí ó yẹ kí ó tún ọ̀nà náà ṣe. Mo fẹ́ kí a kọ́ ọ papọ̀ nínú ìwé ìròyìn àjọ̀dún yìí, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan omi tí àwa àti àwọn ọmọ wa ń mu ní Ire-Àkárí.

Ìwé tí ó wà nínú kòkòrò

Àrùn tí àwọn baba wa ń pè ní onígbáméjì, tí àwọn dókítà ń pè ní kọ́lẹ́rà, ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Igbá kan fún èébì, igbá kan fún ìgbẹ́ gbuuru: bí mo ti gbọ́ àlàyé orúkọ náà lẹ́nu àwọn àgbà nìyẹn, ẹni tí ó bá sì ti tọ́jú aláìsàn náà rí mọ̀ pé kò sí àsọdùn nínú rẹ̀. Omi ara a máa tú jáde tó bẹ́ẹ̀ tí àgbàlagbà tí ó jí ní àlàáfíà lè kú kí ilẹ̀ tó ṣú. Kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Vibrio cholerae, ni ó ń fa àrùn náà. Inú ìgbẹ́ ẹni tí ó ní in ni ó ti ń jáde. Ẹnu ẹlòmíràn ni ó sì ń gbà wọlé, nípasẹ̀ omi tàbí oúnjẹ tí ìgbẹ́ náà ti kàn.

Nínú kòkòrò kọ̀ọ̀kan ni ìwé kan wà tí ó ń darí bí yóò ṣe jẹun, bí yóò ṣe bí irú rẹ̀, àti bí yóò ṣe pa ènìyàn lára. DNA ni ohun tí a fi kọ ìwé náà. Odindi ìwé náà ni a ń pè ní jínóòmù. Lẹ́tà mẹ́rin péré ni a fi kọ ọ́: A, C, G àti T. Ọdún 2000 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ ka jínóòmù kọ́lẹ́rà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n rí i pé lẹ́tà inú rẹ̀ tó bíi mílíọ̀nù mẹ́rin, ó sì pín sí apá méjì, ńlá kan àti kékeré kan, bí Májẹ̀mú Láéláé àti Májẹ̀mú Tuntun. Iye lẹ́tà yìí ju gbogbo lẹ́tà inú Bíbélì King James lọ, bẹ́ẹ̀ kòkòrò tí ó gbé e kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún rẹ̀ lè wà nínú ẹ̀kán omi kan.

Nígbàkígbà tí kòkòrò yìí bá pín sí méjì, ó ní láti da odindi ìwé náà kọ fún ọmọ rẹ̀. Adàwékọ tí ó ń ṣọ́ra ni, ṣùgbọ́n kò pé. Nínú ìdílé kọ́lẹ́rà tí ó ń jà káàkiri ayé lákòókò tiwa, àwọn onímọ̀ ṣírò pé lẹ́tà bíi mẹ́ta ni ó ń yí padà lọ́dún kan, tí ó sì ń wà bẹ́ẹ̀ láti ìran dé ìran. Mẹ́ta nínú mílíọ̀nù mẹ́rin! Síbẹ̀ ó tó fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà. Àwọn kòkòrò tí àṣìṣe wọn jẹ́ ọ̀kan náà, baba kan ni ó bí wọn. Bí lẹ́tà tí ó yàtọ̀ láàárín méjì bá kéré, kò tíì pẹ́ tí wọ́n pínyà. Bí ó bá pọ̀, ó ti pẹ́.

Bí a ṣe ń ka ìwé náà

Ilé ìwòsàn ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tàbí dókítà yóò gba díẹ̀ nínú ìgbẹ́ aláìsàn, yóò sì fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti mú kí kòkòrò náà hù lórí àwo pẹlẹbẹ kan tí a ti da oúnjẹ rẹ̀ sí. Lórí irú oúnjẹ tí a yà sọ́tọ̀ fún un, kọ́lẹ́rà a máa yọ bí ààmì kéékèèké tí àwọ̀ wọn dà bí ti ìyeyè. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò fa DNA jáde láti ara rẹ̀, wọn yóò sì gbé e fún ẹ̀rọ tí ń ka lẹ́tà.

Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí kò lè ka ìwé náà láti Jẹ́nẹ́sísì dé Ìfihàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ rò ó pé a mú Bíbélì ọgbọ̀n, a ya gbogbo wọn sí wẹ́wẹ́, tí ọ̀rọ̀ ogún tàbí ọgbọ̀n wà lórí wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan, a sì dà wọ́n pọ̀ sínú àpò kan. Bí ìwé ṣe ń jáde láti inú ẹ̀rọ náà nìyẹn. Ta ni yóò tò ó padà? Kọ̀ǹpútà ni. Yóò fi wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan wé ẹ̀dà kan tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, tàbí kí ó wá ibi tí ìparí ọ̀kan ti bá ìbẹ̀rẹ̀ òmíràn mu, títí ìwé náà yóò fi di odindi. Nítorí pé a ka ibì kan náà lọ́pọ̀ ìgbà, bí ẹ̀rọ bá tilẹ̀ ṣi lẹ́tà kan kà lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí ó kù yóò jẹ́rìí takò ó.

Nígbà tí ìwé ọgọ́rùn-ún aláìsàn bá ti wà létòlétò báyìí, kọ̀ǹpútà yóò tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ wa ọjọ́sí ti ṣe. Yóò ṣa gbogbo lẹ́tà tí ó yàtọ̀ jọ, yóò sì ya igi ìdílé: gbòǹgbò, ẹ̀ka, àti ọmọ ẹ̀ka. Ẹ̀kọ́ yìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní bioinformatics, èyí tí í ṣe fífi kọ̀ǹpútà àti ìṣirò ka àkọsílẹ̀ tí ó wà nínú ara ohun abẹ̀mí. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú lásán fi mílíọ̀nù lọ́nà irinwó lẹ́tà wéra yóò dàgbà sórí ìjókòó kí ó tó parí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kan kún un. Igi ìdílé yìí kì í dájọ́. Bí lẹ́tà kòkòrò aláìsàn méjì bá bára mu pátápátá, ó lè jẹ́ pé ọ̀kan kó ran èkejì, ó sì lè jẹ́ pé orísun omi kan náà ni àwọn méjèèjì ti mu. Ìwé kòkòrò kò lè dá ìyẹn sọ. A ní láti fi ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ kún un, àti ibi tí aláìsàn ń gbé, àti ohun tí ó jẹ àti ohun tí ó mu. Ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé ṣe pàtàkì tó ẹni tí ó jókòó níwájú kọ̀ǹpútà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé òkè òkun nìkan ni a ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní Ẹdẹ, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, nínú Yunifásítì Redeemer's tí ìjọ Ọlọ́run dá sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ ibùdó ìwádìí ńlá kan. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, òun àti àwọn onímọ̀ mìíràn ní Nàìjíríà ka jínóòmù fáírọ́ọ̀sì kòrónà tí a rí lára aláìsàn àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè wa, èyí sì ni irú rẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó jáde láti ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Iruka Okeke àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń ka jínóòmù àwọn bakitéríà tí òògùn kò ràn mọ́. Ní Yábàá, tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí ìwé náà sọ nípa ilẹ̀ wa

Ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbà pé ilẹ̀ wa ni àrùn yìí ń gbé, pé bí òjò bá ti dé, ó di dandan kí onígbáméjì tẹ̀lé e. Jínóòmù kò gbà bẹ́ẹ̀.

Àjàkálẹ̀ kọ́lẹ́rà keje, èyí tí a wà nínú rẹ̀ títí di òní, bẹ̀rẹ̀ ní erékùṣù Sulawesi ní ilẹ̀ Indonesia ní ọdún 1961. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1970 ni ó dé Guinea ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti ibẹ̀ ó tọ etí òkun wá, bí àwọn apẹja àti àwọn oníṣòwò ṣe ń rìn, kí ọdún náà sì tó parí ó ti dé agbègbè Èkó. Ìtàn tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ní ọdún 2017 ni àwọn onímọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ Pasteur ní Paris, láti ibùdó Sanger ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n kó kòkòrò kọ́lẹ́rà tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan jọ, èyí tí a ti tọ́jú láti orílẹ̀-èdè 45 ní Áfíríkà láàárín ọdún bíi àádọ́ta, wọ́n ka jínóòmù wọn, wọ́n sì ya igi ìdílé wọn.

Kí ni igi náà sọ? Ó sọ pé ìdílé kan ṣoṣo ni ó fa àwọn àjàkálẹ̀ wọ̀nyí. Ó sọ pé láti ọdún 1970, ó kéré tán ìgbà mọ́kànlá ni a ti gbé àrùn náà wọ Áfíríkà láti ìta, tí òmíràn sì jà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó lọ. Ó sọ pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jẹ́ ọ̀kan nínú ẹnu ọ̀nà ńlá méjì tí ó ń gbà wọlé. Èkejì ni apá Ìlà-Oòrùn àti Gúúsù. Àwọn onímọ̀ náà parí ọ̀rọ̀ wọn sí pé ìrìn-àjò ènìyàn àti ìgbé-ayé ènìyàn ni ó ń gbé e kiri jù, kì í ṣe ojú ọjọ́ tàbí ẹrẹ̀ etí omi.

Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé ilẹ̀ wa ni àrùn náà ti ń hù bí koríko, kí ni a lè ṣe ju kí a máa sunkún? Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àlejò, tí ọwọ́ wa àti omi wa ń gbà lálejò, a lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí, ó sì tún jẹ́ ẹ̀sùn sí wa lọ́rùn.

Haiti, àti ìjẹ́wọ́ kan

Mo mọ̀ pé òbí kan lè béèrè pé, kí ni mímọ̀ yìí ń ṣe fún aláìsàn? Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Haiti, orílẹ̀-èdè àwọn ọmọ adúláwọ̀ tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa, kí a rí i. Ní oṣù kìíní ọdún 2010, ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì kú. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ lẹ́bàá odò Artibonite. A kò tíì rí irú rẹ̀ níbẹ̀ fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn ará ìlú ń nawọ́ sí àgọ́ àwọn ọmọ-ogun alálàáfíà tí Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-èdè Àgbáyé kó wá láti Nepal, tí ìgbọ̀nsẹ̀ wọn ń ṣàn sínú odò kékeré tí ó wọ Artibonite. Àwọn aláṣẹ sẹ́. Wọ́n ní kò sí ẹ̀rí.

Àwọn onímọ̀ wá mú kòkòrò láti Haiti àti kòkòrò láti Nepal, wọ́n fi jínóòmù wọn wéra. Nínú lẹ́tà mílíọ̀nù mẹ́rin, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí láàárín àwọn kan nínú wọn kò ju lẹ́tà kan tàbí méjì lọ. Pẹ̀lú ohun tí àwọn tí ó rìn létí odò náà ti kọ sílẹ̀, kò sí ibi tí a lè fara pamọ́ sí mọ́. Ó gba ọdún mẹ́fà. Àwọn tí ó kú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10,000. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, Akọ̀wé Àgbà, Ban Ki-moon, dìde níwájú gbogbo àgbáyé, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará Haiti.

Ẹ kíyè sí i pé àwọn ọmọ-ogun náà kò mọ̀ pé àwọn ń gbé ikú kiri. Ẹni tí ó ní kòkòrò yìí lè má ṣàìsàn rárá. Ẹ̀bi náà wà lọ́rùn ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó dára, tí kò kọ́ ọ.

Ojú-ìwé tí kòkòrò yá

Ohun kan ṣì kù tí ó kan gbogbo ilé. Kòkòrò kì í ṣe àṣìṣe lẹ́tà nìkan. Nígbà mìíràn, a máa gba odindi ojú-ìwé lọ́wọ́ kòkòrò mìíràn, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé tirẹ̀. Májèlé tí kọ́lẹ́rà fi ń tú omi ara jáde gan-an, fáírọ́ọ̀sì kan ni ó gbé ojú-ìwé rẹ̀ wọ inú kòkòrò náà.

Ojú-ìwé àyálò mìíràn wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní SXT. Ó ń kọ́ kòkòrò bí yóò ṣe borí òògùn. Orúkọ rẹ̀ wá láti inú òògùn méjì tí a pò pọ̀ ṣe Séptírìn. Ìwádìí ọdún 2017 tí mo sọ níṣàájú fi hàn pé márùn-ún tí ó kẹ́yìn nínú àwọn ìgbà tí kọ́lẹ́rà wọ Áfíríkà láti Éṣíà, irú tí ọ̀pọ̀ òògùn kò ràn ni ó wá, ó sì lé èyí tí òògùn ń ràn kúrò lórí àga lẹ́yìn ọdún 2000.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, nígbà tí inú bá ń run ọmọ, tí a sì rán ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì pé kí ó ra Séptírìn méjì tàbí kápúsù pupa àti yẹ́lò, a ń ṣe ohun méjì. A ń fún ọmọ ní òògùn tí ó ṣeé ṣe kí ó má ràn án, a sì ń pa àwọn kòkòrò aláìlágbára, kí àwọn tí ó ní ojú-ìwé àyálò náà lè gba gbogbo ilé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Okeke kọ ìwé kan ní ọdún 2011 tí ó pè ní Divining Without Seeds, lórí bí a ṣe ń tọ́jú aláìsàn láì ṣe àyẹ̀wò. Ẹ̀yin tí ẹ mọ àṣà ilẹ̀ wa yóò mọ ohun tí àkọlé náà ń wí: babaláwo tí kò ní ikin lọ́wọ́, kí ni ó ń wò? Dókítà tí kò ṣe àyẹ̀wò kò yàtọ̀ sí i. Ní ti onígbáméjì, omi ara tí ó ń jáde ni ó ń pa ènìyàn. Kí a yára fún aláìsàn ní omi ORS, kí a sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ni yóò sọ bóyá òògùn mìíràn yẹ.

Àlùfáà tí ó béèrè, àti èyí tí kò béèrè

Ní ọdún 1854, kọ́lẹ́rà pa ènìyàn tí ó ju 600 lọ ní àdúgbò Broad Street ní Lọ́ńdọ̀nù. Gbogbo ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ni ó mọ orúkọ Dókítà John Snow, tí ó fi hàn pé inú omi ẹ̀rọ àdúgbò náà ni àrùn ti ń jáde. Àwọn tí ó mọ orúkọ Henry Whitehead kò pọ̀. Àlùfáà kékeré ni, ní ìjọ St Luke's ní àdúgbò náà. Kò gba ọ̀rọ̀ Snow gbọ́. Ó fẹ́ fi hàn pé irọ́ ni. Ó mọ àwọn ará ilé kọ̀ọ̀kan, nítorí pé òun ni ó ń bẹ̀ wọ́n wò, òun ni ó sì ń sin òkú wọn. Ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń béèrè ẹni tí ó mu omi náà àti ẹni tí kò mu ún. Bí ó ti ń béèrè ni òtítọ́ ń ṣẹ́gun rẹ̀. Níkẹyìn, òun ni ó rí ilé tí ó dà bí ẹni pé ó ti bẹ̀rẹ̀: ọmọ ọwọ́ kan ti ṣàìsàn ní ilé 40, ìyá rẹ̀ sì da omi tí ó fi fọ aṣọ ìdí rẹ̀ sínú ihò tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí kànga náà. Whitehead kò ní jínóòmù lọ́wọ́. Ó ní ẹsẹ̀ láti rìn, ó sì ní ẹnu láti béèrè.

Mo ní láti fi ara mi wé e. Ní ọdún 1991, onígbáméjì jà ní Nàìjíríà ju ti ìgbàkígbà tí ó ti jà ṣáájú lọ: ìròyìn tí ó dé ọ̀dọ̀ àjọ ìlera àgbáyé ni pé ó mú ènìyàn 59,478, ó sì pa 7,654 nínú wọn. Àlùfáà ọ̀dọ́ ni mí nígbà náà. Mo sin obìnrin kan nínú ìjọ mi. Mo gbàdúrà nínú ilé rẹ̀, mo gba ọkọ rẹ̀ níyànjú pé kí ó gba ohun tí Olúwa ṣe. Wọ́n bu omi fún mi, mo mu ún. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo padà sí ilé kan náà láti sin ọmọ rẹ̀. Kànga ilé náà àti ihò ṣáláńgá wọn kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà síra. Mo rí méjèèjì ní ọjọ́ àkọ́kọ́. N kò sọ nǹkan kan.

Nínú Ìhìnrere Jòhánù orí kẹsàn-án, àwọn ọmọ-ẹ̀yìn rí ọkùnrin kan tí a bí ní afọ́jú, wọ́n sì béèrè ẹni tí ó dẹ́ṣẹ̀. Olúwa kò dá wọn lóhùn bí wọ́n ṣe fẹ́; ó yí ojú wọn sí iṣẹ́ Ọlọ́run tí ó yẹ ní ṣíṣe nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọ̀sán. Títí di òní, bí àrùn bá wọ ilé kan, a ṣì ń béèrè ẹni tí ó dẹ́ṣẹ̀, tàbí ìyá àgbà tí ó wà nídìí rẹ̀. Ìwé tí ó wà nínú kòkòrò náà kò mẹ́nu kan ìyá àgbà kankan. Ibi tí omi ti wá ni ó ń sọ.

Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́

Ní ọdún 2021, àjọ tí ń gbógun ti àrùn ní orílẹ̀-èdè wa ka ènìyàn 111,062 tí a fura pé wọ́n ní kọ́lẹ́rà, 3,604 sì kú. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde pé ó tún ti dé, wọ́n sì dárúkọ Lagos Island, Kòsọ́fẹ́, Ẹ̀tì-Ọ̀sà àti Ìkòròdú. Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ kò jìnnà sí wọn. Mérúwà tí ń ti kẹ̀kẹ́ omi, ọlọ́jà tí ń gbé ohun mímu kiri, àti èrò inú bọ́ọ̀sì kò mọ ààlà ìjọba ìbílẹ̀. Nígbà tí òjò bá rọ̀, tí gọ́tà kún, tí ọ̀gbàrá ń wá ọ̀nà lọ sí kánàálù Òkè-Àfà, ohun tí ó wà nínú sọkawé àti ohun tí ó wà nínú kànga lè pàdé.

Mósè mọ èyí ní aginjù. Òfin tí ó fún Ísírẹ́lì ni pé ẹyìn ibùdó ni kí wọ́n ti máa yàgbẹ́, kí wọ́n sì mú ohun ìwalẹ̀ dání láti bò ó mọ́lẹ̀. Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀ wá fún. Àkọ́kọ́, kí gbogbo onílé nínú wa fi ẹsẹ̀ wọn láàárín kànga àti sọkawé. Ìlànà tí a mọ̀ ni pé kí ó tó mítà ọgbọ̀n, bí kò bá sì tó, kí a má mu omi náà láì sè é tàbí láì fi kílórììnì sí i. Èkejì, kí a má ra òògùn apakòkòrò láì ṣe àyẹ̀wò. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́-jáde wa ronú lórí ohun tí a ó fi sílẹ̀ fún ilé-ìwé ní àjọ̀dún yìí. Máíkírósíkópù tí ó dára àti kọ̀ǹpútà mélòó kan nínú yàrá sáyẹ́ǹsì kò ní dán bí ọ̀pọ̀ ohun tí a máa ń gbé kalẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí yóò ka ìwé kòkòrò tí ó ń bọ̀ lè wà nínú kíláàsì JSS 1 lónìí.

Orúkọ àdúgbò wa ni Ire-Àkárí. Àwọn tí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gbàdúrà pé kí ire má dúró ní ilé ẹnì kan, kí ó kárí. Kòkòrò kọ́lẹ́rà ti kọ́ wa pé àrùn pẹ̀lú máa ń kárí: ẹni tí ó ní bọ́hóòlù tí ó jinlẹ̀ yóò jẹ oúnjẹ tí ẹni tí kò ní sè. Kò sí omi tí ó mọ́ fún ẹnì kan ṣoṣo. Kí Olúwa fún wa ní ẹsẹ̀ láti rìn, àti ẹnu láti béèrè.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé

1. Kí ni ó fà á tí àṣìṣe fi wúlò ju ohun tí ó tọ̀nà lọ fún ẹni tí ó fẹ́ mọ ìdílé ìwé tàbí ìdílé kòkòrò?
2. Bí kòkòrò aláìsàn méjì bá jọra pátápátá, ohun wo ni a kò tíì lè sọ nípa wọn?
3. Níbo ni omi tí a ń mu nínú ilé yìí ti ń wá? Ìṣísẹ̀ mélòó ni ó jìnnà sí sọkawé wa, àti sí ti aládùúgbò wa?
4. Nígbà ìkẹyìn tí a lo òògùn apakòkòrò nínú ilé yìí, ta ni ó sọ pé kí a lò ó, kí ni ó sì wò kí ó tó sọ ọ́?